Bí Ìrora Iṣan Kò Bá Lọ Bọ̀rọ̀: Ètò Iṣẹ́ Òòjọ́

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìlera
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40

Èròǹgbà
Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. sọ ohun tó ń fa ìrora iṣan lára alátọ̀gbẹ;
2. ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ fi ń sú ẹni tó ní in;
3. ṣètò iṣẹ́ òòjọ́ fún un.

Ìfáàrà
Olùkọ́ bèèrè ohun tí àwọn àgbà ilé máa ń sọ bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n lóru. Ìdáhùn tí à ń retí: “Ó ń jó mi bí ata,” “Ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́,” “Ó kú tipiri.”

Ohun tó ń fà á
Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ó ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó gùn jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́; ìdí nìyẹn tí ìrora náà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ìdí tí iṣẹ́ fi ń súni
Òru ni ìrora yìí sábà máa ń le jù. Aṣọ ìbora lásán tó bá kan ọmọ ìka lè jí ènìyàn. Ẹni tí kò rí oorun sùn kò lè lókun láàárọ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Àpẹẹrẹ: Ìyá alákàrà
Ìyá alákàrà kan ní ìrora yìí. Tẹ́lẹ̀, bí ara wọn bá yá, wọn a dúró nídìí agbada láti ìdájí títí ọjà fi tán. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò ní lè dìde. Ní báyìí, alẹ́ ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà sílẹ̀. Orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí dín àkàrà. Bí aago tí wọ́n ṣètò sórí fóònù bá dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sinmi, ì báà rẹ̀ wọ́n, ì báà má rẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí ara kò bá yá, kóńgò ẹ̀wà kan ṣoṣo ni wọ́n ń dín, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á tì pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bàtà kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, torí ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri lè má mọ̀ bí epo gbígbóná bá ta sí i.

Àkíyèsí
- Fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná.
- Parasitamọ́ọ̀ kì í sábà ran irú ìrora yìí. Oògùn bí amitriptyline, tí dókítà ń kọ fúnni, lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Má lo ti ẹlòmíràn.
- Bí ohunkóhun kò bá wuni mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 gbáko, ẹ sọ fún dókítà: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú.

Ìgbéléwọ̀n
1. Èéṣe tí ìrora náà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀?
2. Kí ni àǹfààní kí ènìyàn sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Ṣètò iṣẹ́ fún aránṣọ kan tó ní ìrora yìí: ọjọ́ tí ara yá, àti ọjọ́ tí ara kò yá.