Ihò ni, kì í ṣe Ìwo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àṣìṣe kan ni mo fẹ́ kí a jọ tún ṣe. Ní ọdún kan, mo ka iṣẹ́ tí mo kọ lórí ‘Ìwo Ẹlẹ́rù’ sétí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní, ‘Ìwo ẹran wo nìyẹn?’ N kò rí èsì fọ̀. Inú ìwé ni mo ti dà á kọ.

Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wa ilẹ̀ ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, ní ìhà Àkúrẹ́. Wọ́n bá egungun ènìyàn níbẹ̀ tí ó ti lé ní 11,000 ọdún. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

‘Iwo Eleru’ ni ọ̀pọ̀ ìwé pè é. Ihò Eléérú ni: ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. ‘Iho Eleru’ ni àwọn awalẹ̀pìtàn sì kọ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023.

Wikipẹ́díà wà ní èdè Yorùbá. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni ó ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣàtúnṣe sí i, bí ó bá ti ní ẹ̀rí. Àmì ohùn tí a ń kọ́ nínú kíláàsì, ibẹ̀ ni kí a lò ó. Bí a kò bá kọ ihò, ìwo ni àwọn ọmọ wa yóò máa kà.