Ipò Èdè Yorùbá nínú Ìwádìí lórí Ìhùwàsí Ẹ̀dá Lẹ́nu Iṣẹ́: Ọjà Tẹ́júoṣó Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

1.0 Ìfáárà
Ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì tí ó ń ṣe ìwádìí ohun tí ó ń mú kí ènìyàn fẹ́ràn iṣẹ́, ohun tí ó ń tán an lókun, àti bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn lò. Hugo Münsterberg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó kọ́ni ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀; ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ yìí jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913. Ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á dé ipele oyè ìjìnlẹ̀ kejì ní Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ìbàdàn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé olùwádìí tí kò bá mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yóò kó èsì tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ sílé.

2.0 Ọjà Tẹ́júoṣó
Ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá kò jìnnà sí Akọka tí Yunifásítì Èkó wà. Iná jó ọjà náà ní ìparí ọdún 2007. Ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí ilé alájà tuntun ibẹ̀. Ohun tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn oníṣòwò tó ohun tí à ń kọ àpilẹ̀kọ lé lórí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ inú ọjà kò ní lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, ṣùgbọ́n ètò wà: ìyálọ́jà wà, ẹgbẹ́ wà, èésú wà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ń ka ọdún dé ọjọ́ tí yóò gba fúríídọ̀ọ̀mù.

3.0 Ìṣòro Ìtumọ̀
Ìwé ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn onípele, irú èyí tí Rensis Likert gbé kalẹ̀ ní 1932, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Wọn a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọn a tún un tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ó péye. Ìtumọ̀ lè péye, kí ìdáhùn má péye.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn yìí: ‘Iṣẹ́ mi tẹ́ mi lọ́rùn.’ Ìyá aláṣọ tí a bi ní èyí yóò wí pé, ‘A dúpẹ́.’ Kò purọ́, kò sì tíì dáhùn. Nínú àṣà wa, a kì í fi ẹnu ara ẹni ba iṣẹ́ ẹni jẹ́. Ìráhùn a sì máa jọ àìmoore sí Ẹlẹ́dàá. Olùwádìí a fàmì sí ‘mo gbà gidigidi’. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Bákan náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí Yorùbá pín sí àárẹ̀, ìdààmú, ìnira àti ìpayà. Àárẹ̀ alábàárù kì í ṣe ìdààmú ẹni tí owó ìsọ̀ ń lé kiri. Èyíkéyìí tí a bá mú, ìdáhùn yóò yàtọ̀.

4.0 Iṣẹ́ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́
(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kí ènìyàn: ‘Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá.’ Ojú lọ̀rọ̀ wà; ẹni tí kò kíni kò lè gbọ́ òótọ́.
(ii) Kí ó béèrè ìtàn dípò ipele: ‘Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ sọ fún wa nípa ọjọ́ kan tí ọjà sú yín.’
(iii) Kí ó béèrè nípa ẹlòmíràn: ‘Kí ló máa ń sú àwọn aláṣọ níbí?’ Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò lè sọ àléébù ọ̀gá rẹ̀ lè sọ ti àwọn ọ̀gá lápapọ̀.
(iv) Ní kíláàsì, kí wọ́n fi àwọn ìdáhùn wé ti ìwé ìbéèrè, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìyàtọ̀.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
A ti fi hàn pé ìkíni, àdúrà àti ọ̀wọ̀ jẹ́ apá kan ìdáhùn Yorùbá lórí iṣẹ́. Bí ìwádìí bá wí pé inú òṣìṣẹ́ dùn nígbà tí kò dùn, ìtọ́jú tí ó yẹ wọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì máa pe olùkọ́ èdè Yorùbá sí iṣẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń kọ ìbéèrè, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ku ìtumọ̀ nìkan.