Ṣé dandan ni kí ajá lọ sí kíláàsì?

Ìbéèrè: Ajá mi ń gbọ́ràn nílé. Kí ni kíláàsì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ wà fún?

Ìdáhùn: Ajá tó ń jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ ní pálọ̀ lè kọ etí ikún sí yín bí ajá mìíràn bá sáré kọjá, irú ìdíwọ́ yẹn ni kíláàsì fi ń dán an wò, díẹ̀díẹ̀. Kíláàsì tún wúlò bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ìdíje tí ajá ti ń fo ọ̀pá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàtẹ ajá Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1978: níbẹ̀, ajá kì í ní okùn lọ́rùn, ohùn àti ara olówó rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí ẹnu yín bá ní ọ̀tún, tí èjìká yín yí sósì, òsì ló sábà máa gbà. Olùkọ́ ló ń rí àṣìṣe yẹn, ẹ̀yin ò lè rí i. Òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó; ẹ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un nílé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè mú ọmọ ajá fo ibi gíga, eegun rẹ̀ kò tíì gbó.