Ilé Ẹ̀kọ́ Moton ní Farmville: Ìtọ́sọ́nà fún Arìnrìn-àjò

Ẹni tí ó bá gbéra ní Richmond, olú-ìlú Virginia ní Amẹ́ríkà, tí ó sì kọrí sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, yóò fi ọkọ̀ rin ìrìn bíi wákàtí kan àti díẹ̀ kí ó tó dé Farmville, níbi tí ìjọba káńtì Prince Edward fi ìkàlẹ̀ sí. Kí ó gba òpópónà Main lọ sí ìhà gúúsù títí yóò fi kan òpópónà Griffin. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ilé oníbíríkì kan tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí tí àlejò tí kò mọ ìtàn lè wò fìrí kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní 1939 ni wọ́n kọ́ ọ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, nítorí òfin ìgbà náà kò gbà kí dúdú òun funfun jókòó kàwé pọ̀. Wọ́n fi sọrí Robert Russa Moton, tí a tọ́ dàgbà ní káńtì yìí kan náà, tí ó sì di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee lẹ́yìn Booker T. Washington. Ọmọ 180 ni ilé náà lè gbà. Nígbà tí yóò fi di 1951, wọ́n ti lé ní 450. Dípò kí ìjọba kọ́ òmíràn, ahéré onípákó tí wọ́n fi bébà ọlọ́dà bò ni wọ́n gbé kalẹ̀ nínú ọgbà: bí òjò bá rọ̀, a máa jò lé àwọn ọmọ lórí, bí òtútù bá mú, ẹni tí ó súnmọ́ ààrò a máa làágùn, ẹni tí ó jìnnà sí i a sì máa gbọ̀n tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn.

Inú gbọ̀ngàn ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1951, Barbara Johns, ọmọ ọdún 16, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí a tẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láago pé àwọn ọmọ kan ti kó sí wàhálà ní ibùdókọ̀. Bí ó ti jáde ni wọ́n pe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jọ, a ṣí aṣọ ìkélé orí pèpéle, Barbara ni wọ́n rí tí ó dúró níbẹ̀. Kí a má purọ́, ẹ̀tàn ni. Wọ́n ṣe é kí ẹ̀bi má baà kan ọ̀gá náà, síbẹ̀ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì jáde.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: agbẹjọ́rò Oliver Hill àti Spottswood Robinson bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì di ọ̀kan nínú márùn-ún tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdájọ́ 1954 parí, pé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò bófin mu. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ni ó ń le sí i: ní 1959 káńtì náà ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pa. Àwọn òbí funfun dá ilé ẹ̀kọ́ aládàáni sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Nínú àwọn ọmọ dúdú, a kó àwọn kan lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ sì jókòó sílé títí ilé ẹjọ́ fi pàṣẹ ní 1964 pé kí a ṣílẹ̀kùn. Èmi kò mọ ìkà tí ó ju kí àgbà fi ìwé du ọmọdé lọ.

Láti 2001 ni ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì First Baptist ní òpópónà Main, níbi tí àlùfáà L. Francis Griffin, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà Griffin, ti ń kó àwọn òbí jọ nígbà náà. Ẹ fóònù sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kí ẹ tó gbéra, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba àlejò.