"Mo Fẹ́ Lọ Sílé": Ṣé Arán Ni àbí Ìsoríkọ́?

Ọ̀rọ̀ tó yá lẹ́nu wa jù nípa àgbàlagbà ni "ó ti ń ṣarán". Ìyá pe Adé ní Kúnlé, ó ń ṣarán. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ó ń ṣarán. Ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì lè jìnnà síra, orúkọ kan ṣoṣo la fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Arán ni. Kì í ṣe àrán tí àwọn olówó fi ń ránṣọ, kì í sì í ṣe aràn tó ń yọ ọmọdé lẹ́nu nínú. Ẹni tó ń ṣarán, iyè rẹ̀ ló ń ra. Níbí náà, ẹ ṣọ́ àmì ohùn: iyè la fi ń rántí nǹkan, ìyè ni wíwà láàyè. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú, iyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyè gan-an ni kò wù ú mọ́.

Àwọn kan ń pe ìsoríkọ́ ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìrẹ̀wẹ̀sì lè bá àgbẹ̀ tí owó kòkó já lulẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá tún gòkè. Ìsoríkọ́ kò mọ̀ pé owó gòkè. Ó lè jókòó tini fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, kó gba oorun lójú ẹni, kó gba adùn lẹ́nu ẹni, kó máa dáni lẹ́bi ohun tí a kò ṣe.

Ẹ wá síbi tí wọ́n sá kòkó sí ní Àlàdé-Ìdànrè, n'Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bàbá kan dìde, ó fẹ́ lọ yí kòkó tí wọ́n ti dì sápò, tí wọ́n sì ti tà níjẹta. Ẹ bi í pé, "Bàbá, kòkó dà?" Kíá ló dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi ti kó o wọlé." Ẹ̀gbọ́n náà ti kú tipẹ́. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń dààmú. Bàbá kejì jókòó sórí àpótí. Òjò ṣú, kò ké sí ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n wá kó kòkó. Ẹ bi í léèrè, ó ní, "N ò mọ̀. Ọpọlọ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ẹ dúró tì í, ẹ má kán an lójú, yóò sọ iye àpò tó wà nílé àtẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń ráhùn pé òun ń gbàgbé kọ́ ló ń gbàgbé jù.

Gbólóhùn tó ń tan àwọn ọmọ jẹ jù ni "Mo fẹ́ lọ sílé", tí àgbà bá sọ ọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí àgbà bá kú, a ní ó relé. Nítorí náà, ẹ béèrè: "Ilé wo, Màmá?" Bó bá jẹ́ ilé tí ìyá rẹ̀ ti ń retí rẹ̀ ni, iyè ló ra. Bó bá jẹ́ ilé tí gbogbo wa ń lọ ni, ẹ má kàn dáhùn pé "ẹ̀ ẹ́ pẹ́ fún wa" kẹ́ ẹ kọjá lọ. Ewu ni. Ẹ mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà.

Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992 fi hàn pé, ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, bí 2 nínú 100 àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 ni àrùn ìgbàgbé, èyí tá à ń pè ní arán, mú. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje darí ní 2003 sí 2004, ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Oǹdó wà lára wọn, rí bí 7 nínú 100 àgbà tí ìsoríkọ́ bá fínra láàárín ọdún kan. Ibi àti ìgbà yàtọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá pe gbogbo àgbà tó dákẹ́ ní ẹni tó ń ṣarán yóò ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà. (Nígbà tí wọ́n ń dán ọpọlọ wò, àwọn oníwádìí Ìbàdàn kò gbé bírò fún àgbà tí kò kàwé, igi kéékèèké ni wọ́n ní kó tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má bi àgbà Ìdànrè ní ọjọ́ tí oṣù jẹ́. Ẹ bi í bóyá ọdún Orósùn ti kọjá àbí ó ń bọ̀.)

Ìsoríkọ́ gbóògùn, iyè tó dà bíi pé ó ti lọ sì sábà máa ń padà tí ara bá yá. Àrùn ìgbàgbé kì í sábà padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí "ó ń ṣarán" kò fi tó sọ fún dókítà. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i" kò jọ "láti ìgbà tá a ti sin Màmá ni." Bí ẹ bá sì rí i pé méjèèjì bá àgbà kan náà mu, ẹ sọ méjèèjì, torí wọ́n lè jọ wà lára ẹnì kan.