Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: OWÓ Ọ̀GBÀRÁ

Ẹ gbọ́ ná. Ẹgbẹ́ yín dá owó páànù jọ, ẹ kó o fún akápò. Akápò fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ bi í, ó ní, "Ṣebí mo máa dá a padà." Ṣé olè ni? Kò já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó owó lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó páànù lẹ kó fún un, ẹ ò fún un lówó ìyàwó.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Adájọ́ Adebukola Banjoko dá ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Àbújá, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2018. Joshua Dariye ló ń jẹ́jọ́, ẹni tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Plateau ní 1999. Lọ́jọ́ ìdájọ́ yìí, sẹ́nétọ̀ ni.

Ìjọba àpapọ̀ ní owó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ibi tí ọ̀gbàrá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ àti ibi tí omi ti ń ya wọlé. Wọ́n kọ ìwé sọwédowó fún Plateau nínú rẹ̀. Ó lé ní bílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tí ọ̀gbàrá bá ti wú ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ rí mọ ohun tí owó yẹn ì bá ṣe.

Kí ló wá tú àṣírí? Ìwé ni. Sọwédowó ní orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ fún. Báńkì a sì máa kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n tọ ipasẹ̀ owó nínú ìwé wọ̀nyí. Apá kan ti wọ àkáùńtì Ebenezer Retnan Ventures, adájọ́ sì rí i pé Dariye gan-an ló wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Ó ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14, nítorí ó da ohun tí a fi sí i níkàáwọ́.

Ẹjọ́ náà pẹ́ o! 2007 ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án. Ó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pé kí wọ́n má tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ní 2015 wọ́n ní kó padà lọ jẹ́jọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dín ọdún 14 kù sí 10. Ní 2021 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí ọdún 10 yìí.

Nígbà tó di 2022, ìjọba dárí jì í, ó sì lọ sílé kí ọdún rẹ̀ tó pé. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í gbọ́: ìdáríjì ò sọ pé kò jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi là ń dárí jì.

ÌBÉÈRÈ
Iṣẹ́ wo ni owó náà wà fún?
Kí ni ìwé báńkì fi hàn?
Ta ló ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ yín? Ẹ ní kó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká jọ kà á.