Orí Keje: Ẹkùn Ìdìbò Ilẹ̀ Wúrà, 1951 sí 1966

Òkè ló wà láàárín Òkè-Ìmẹ̀sí àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n òkè kò ya àwọn ènìyàn. Wọ́n ń ná ọjà kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Nígbà ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèngbé ti Iléṣà, olú ìlú Ìjẹ̀ṣà, jọ jà lábẹ́ àjùmọ̀ṣe Ẹkìtì Parapọ̀ ni. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, ó fi Òkè-Ìmẹ̀sí sábẹ́ Ẹkìtì ní agbègbè Oǹdó, ó sì fi Iléṣà sábẹ́ agbègbè Ọ̀yọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìdìbò dé, ibi tí wọ́n ti ń dìbò yàtọ̀ síra.

Kí ni ẹkùn ìdìbò?

Ẹkùn ìdìbò ni àwọn ìlú àti abúlé tí ìjọba kó pọ̀ kí wọ́n lè yan ẹni tí yóò ṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìlú kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ìjọba lè pín ẹkùn sí méjì, ó lè so ó mọ́ òmíràn, ó sì lè pa á rẹ́.

Wúrà lábẹ́ oko kòkó

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wa wúrà ní àyíká Iléṣà. Ìlú bíi Itagunmodi, Igun àti Iperindo lórúkọ nínú iṣẹ́ yìí. Inú iyanrìn odò ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́; iyanrìn á ṣàn lọ, wúrà tó wúwo á sì kù nísàlẹ̀. Ní Iperindo, wúrà wà nínú àpáta gan-an.

Lórí ilẹ̀ yìí kan náà, àwọn àgbẹ̀ ń gbin kòkó. Àwọn ló ni oko, ṣùgbọ́n wọn kò ni wúrà. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1946 sọ pé ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀.

Níbòmíràn, awakùsà ti ní aṣojú tirẹ̀ rí. Ní New Zealand, Gabriel Read rí wúrà ní agbègbè Otago ní 1861, èrò sì ya lọ síbẹ̀. Ìjọba dá ẹkùn kan sílẹ̀ fún wọn tí wọ́n ń pè ní Gold Fields. Ìwé àṣẹ ìwakùsà ni ènìyàn fi ń dìbò níbẹ̀. Ẹkùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1870. Ní Ìjẹ̀ṣà, kò sí ẹkùn awakùsà. Ará ìlú àti àgbẹ̀ ló ń yan aṣojú.

Ìdìbò 1951

Òfin ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Òfin Macpherson ló mú ìdìbò 1951 wá. Ọgọ́rin (80) ni àwọn tí a dìbò yàn sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní Ìbàdàn. Iléṣà yan tirẹ̀, Ẹkìtì náà yan tirẹ̀. Ìdìbò náà kì í ṣe ti tààrà. Ará àdúgbò yan àwọn kan, àwọn yẹn yan àwọn mìíràn, ìgbìmọ̀ ìkẹyìn ló wá yan aṣòfin.

Lára àwọn tó lọ láti Ìjẹ̀ṣà ni J. O. Fadáhùnsi, ọmọ Òṣú, tí a bí ní 1901. Àárín ilẹ̀ wúrà ni Òṣú wà. Ẹgbẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, ni Fadáhùnsi ń ṣe. Ṣùgbọ́n Action Group, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ló gba ìjọba. Nígbà tí ìdìbò 1960 dé, ìjókòó ilé náà ti di 124. Ẹkùn pọ̀ sí i, ó sì kéré sí i.

Ta ló láṣẹ lórí wúrà?

Ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn láṣẹ lórí ilé ẹ̀kọ́; òun ló ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti ṣòfin lórí ìwakùsà. Ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ló ni ìyẹn. Ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn ń gbà ni ìdajì (50%) owó ẹ̀tọ́ tí awakùsà ń san, gẹ́gẹ́ bí òfin 1960 ṣe là á sílẹ̀.

Bí àwọn ẹkùn náà ṣe parẹ́

Ní May 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀ náà, wọ́n ń ju àga lu ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Ní January 1963, Fadáhùnsi di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdìbò October 1965 ló tún da ilẹ̀ rú. Àwọn ènìyàn ní ẹgbẹ́ Dẹ́mọ (NNDP), tó wà lórí ìjọba, yí ìbò. Wọ́n ń dáná sun ilé, wọ́n ń pariwo "wẹ́tíẹ̀", ìyẹn ni pé kí a da epo sí i kí a sì dáná sun ún. Ní ọjọ́ 15 January 1966, ológun gbàjọba. Wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ pa, gbogbo ẹkùn rẹ̀ sì parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1979 ni aráàlú tó tún ní aṣòfin.

Lónìí

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ìjẹ̀ṣà wà báyìí. Àtàkúnmọ́sà méjèèjì àti Iléṣà méjèèjì jọ ń yan aṣojú kan sí Àbújá. Ní July 2021, ilé iṣẹ́ Segilola yọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ nítòsí Iperindo. Ní ti Òkè-Ìmẹ̀sí, ó wà nínú ẹkùn Ìjerò, Ẹkìtì West àti Ẹ̀fọ̀n. Ìjerò náà ní ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà.

Àbújá ló ṣì ń ṣòfin ìwakùsà. Owó tó ń padà sí ìpínlẹ̀ tí ohun àlùmọ́nì ti wá kò gbọdọ̀ dín ní 13% báyìí. Òfin 2007 sì ní kí ilé iṣẹ́ ìwakùsà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè pẹ̀lú ìlú tó gbà á lálejò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, bí awakùsà bá dé sí oko yín, ẹ bèèrè ìwé àdéhùn náà. Bí òfin fúnra rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, aṣojú yín ní Àbújá ni kí ẹ kọ̀wé sí. Kánsẹ́lọ̀ kò lè yí i padà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí àgbẹ̀ tó ni oko kò fi ni wúrà inú rẹ̀?
2. Kí ni ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn lè ṣe fún ará Òṣú, kí ni kò sì lè ṣe?
3. Ẹkùn wo ni ẹ ti ń dìbò? Ta ni aṣojú yín ní Àbújá?